Mí Kanlẹ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Yọ Ọkàn Kúrò Lójú Ọ̀nà Ìtànṣán Nígbà Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ọyàn

Ọjọ́ tí dókítà sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé iṣẹ́ abẹ ti kẹ́sẹ járí, pé ìtọ́jú onítànṣán ló kù, inú gbogbo wa dùn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wọn ti pè é lórí fóònù: "Ọyàn òsì ni tìẹ, àbí? Ṣọ́ra o. Iná yẹn máa ń jó ọkàn." Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ní òun ò lọ mọ́ nìyẹn. Ó ní jẹjẹrẹ ò rí òun pa, òun ò sì ní fi owó òun lọ ra àrùn ọkàn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi bẹ̀ ẹ́.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé ẹni tó pè é kò purọ́. Òótọ́ wà nínú ohun tó sọ, àmọ́ òótọ́ tó ti pẹ́ ni, kò sì mọ ohun tí wọ́n ti ṣe sí i látìgbà náà. Mo jókòó, mo ka ohun tí mo lè kà, mo sì bi àwọn tó ń fi ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ léèrè kí n tó padà lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Àlàyé tí mo ṣe fún un ni mo fẹ́ ṣe fún yín báyìí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ lẹ̀rù ń bà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ "iná" yẹn kúrò nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń sọ pé "wọ́n ń fi iná jó o", torí awọ ara ibẹ̀ máa ń dúdú, ó sì lè bó bí ẹni tí oòrùn pa. Ṣùgbọ́n kò sí iná níbẹ̀. Ìtànṣán ni, ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun ní ọsibítù, àfi pé agbára tirẹ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ẹ ò ní rí i, kò sì ní gbóná lára yín nígbà tó bá ń wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ba ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́, ìyẹn ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ bí òun ṣe máa pín sí méjì. Sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáká lè tún ara rẹ̀ ṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ti jẹjẹrẹ ò mọ àtúnṣe yẹn ṣe dáadáa, ibẹ̀ ló sì ń kú sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fúnni díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ dípò kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ síni lára lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, ìtànṣán ti tán nìyẹn, kò sí èyí tó kù lára. Ìyá tó bá ti ibẹ̀ bọ̀ lè gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀ bó ṣe ń wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé: "Ṣebí wọ́n ti gé kókó náà kúrò, kí ni wọ́n tún ń wá?" Sẹ́ẹ̀lì tí ojú dókítà ò lè rí ni wọ́n ń wá, èyí tó lè ti ṣẹ́ kù sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí kókó wà. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ kan kó àbájáde ìwádìí 17 jọ, èyí tó kan obìnrin 10,801 tí wọ́n yọ kókó fún láìgé gbogbo ọyàn. Bí a bá fi 1,000 obìnrin ṣe ìwọ̀n, nínú àwọn tí kò gba ìtànṣán, àrùn náà padà sára 350 láàárín ọdún mẹ́wàá. Nínú àwọn tó gbà á, 193 ni. Nígbà tí ọdún 15 fi pé, jẹjẹrẹ ọyàn ti pa 252 nínú ẹgbẹ̀rún àwọn ti àkọ́kọ́, ó sì pa 214 nínú ẹgbẹ̀rún àwọn tèkejì. Ẹ̀mí 38 ló wà láàárín iye méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi 38 yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Wàyí o, ọkàn. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ yín lé àárín àyà, kí ẹ sún un díẹ̀ sí òsì. Ẹ̀yìn egungun àyà níbẹ̀ ni ọkàn wà, ṣóńṣó rẹ̀ sì kọjú sí abẹ́ ọyàn òsì. Òpó ẹ̀jẹ̀ kan gba iwájú ọkàn yẹn sọ̀ kalẹ̀, òun ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún apá tó pọ̀ jù nínú iwájú ọkàn. Nínú gbogbo òpó tó ń bọ́ ọkàn, òun ló sún mọ́ ìhà jù. Bó bá dí, ìkọlù ọkàn tó le ló máa ń fà. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ pé ìtànṣán ọyàn òsì lè kan ọkàn, òpó yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ọyàn ọ̀tún, díẹ̀ ni èyí tó máa ń dé ọkàn tirẹ̀.

Wọn kì í dojú ìtànṣán kọ àyà gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbà á, láti ọ̀tún àti láti òsì, bí ẹni tó ń bẹ iṣu: ọ̀bẹ ò wọ inú iṣu, eèpo ló ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n àyà èèyàn tẹ̀ kọdọrọ, ọ̀nà ìtànṣán sì gún régé. Bí ó ti wù kí wọ́n ṣọ́ra tó, apá kékeré kan lára ẹ̀dọ̀fóró àti, nígbà míì, lára ọkàn, lè bọ́ sójú ọ̀nà. Láyé ìgbà tí ẹ̀rọ ò tíì fi bẹ́ẹ̀ já fáfá, tí dókítà kì í rí ọkàn aláìsàn rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kó tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń bọ́ sójú ọ̀nà kò kéré. Ìyà rẹ̀ lè jáde lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó sì lè di ogún ọdún kó tó jáde.

Ibẹ̀ ni ìròyìn tí wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ti wá. Ní ọdún 2013, Ọ̀jọ̀gbọ́n Sarah Darby ti Yunifásítì Oxford àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 2,168 ní Sweden àti Denmark, àwọn tó gba ìtànṣán láàárín ọdún 1958 sí 2001. Gray ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán, bí a ṣe ń fi lítà wọn epo. Ìpíndọ́gba ohun tó dé ọkàn àwọn obìnrin yẹn jẹ́ Gray 4.9. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí Gray kan bá ti lé, ewu àrùn òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn máa ń fi ìdá 7.4 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Wọn ò rí ìwọ̀n kankan tó kéré débi tí a lè sọ pé kò ní ewu rárá. Ewu náà ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, ó sì ń bá èèyàn lọ títí lẹ́yìn ogún ọdún.

Iye 7.4 yìí ló ń da orí àwọn èèyàn rú jù lọ. Wọ́n á gbọ́ ọ bí ẹni pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin, méje á kú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá sọ fún yín lọ́jà pé owó gaàrì ti fi ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lé, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé èló ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ bèèrè bẹ́ẹ̀ níbí náà. Ẹ mú 1,000 obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún tí kò ní ohun mìíràn tó ń dààmú ọkàn wọn. Ká ní wọn ò gba ìtànṣán rárá, 45 nínú wọn ni ìkọlù ọkàn tàbí ohun tó jọ ọ́ máa ṣẹlẹ̀ sí kí wọ́n tó pé ọgọ́rin ọdún. Bí Gray 3 bá dé ọkàn wọn, àwọn 45 yẹn á di 54. Àwọn tí àrùn náà máa pa á kúrò ní 19, á di 24. Ẹ̀mí márùn-ún nìyẹn.

Ẹ wá gbé márùn-ún yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ 38 tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ìwádìí méjèèjì yàtọ̀ síra, wọn kì í ṣe iye tí èèyàn lè fi yọ ara wọn bí ìṣirò inú ìwé ọmọ iléèwé, ṣùgbọ́n ẹ ó rí ibi tí òṣùwọ̀n tẹ̀ sí. Ẹni tó bá sá fún ìtànṣán nítorí ọkàn, ibi tí ewu ti pọ̀ jù ló ń sá lọ.

Síbẹ̀, mi ò ní fojú kéré márùn-ún yẹn. Ìyá ẹnìkan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bó bá sì jẹ́ Gray 10 ló dé ọkàn, àwọn 45 yẹn á di 77, kì í ṣe 54 mọ́. Bí ohun tó dé ọkàn bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ewu ń kéré. Nítorí náà iṣẹ́ àwọn onítànṣán lónìí ni pé kí ọyàn gba gbogbo ohun tó yẹ kó gbà, kí ọkàn má sì gba ju bíńtín lọ. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ya mí lẹ́nu, torí irinṣẹ́ tó dára jù níbẹ̀ wà nínú ara aláìsàn fúnra rẹ̀.

Èémí ni. Bí èèyàn bá mí kanlẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró á kún bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà. Iṣan pẹlẹbẹ tó pààlà láàárín àyà àti ikùn á sọ̀ kalẹ̀, á sì fa ọkàn tẹ̀ lé ara rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ àti sẹ́yìn. Ìhà ní tirẹ̀ á gbéra síwájú. Àlàfo á wá ṣí sílẹ̀ láàárín ọkàn àti ìhà, ẹ̀dọ̀fóró tó kún fún afẹ́fẹ́ á sì wà láàárín wọn bí ìrọ̀rí. Bí wọ́n bá tan ìtànṣán ní àkókò yẹn gan-an, ọ̀nà tó ń gbà á kọjá níwájú ọkàn láìkàn án, tàbí kó kàn án fẹ́ẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá fi àwòrán méjèèjì hàn yín, èyí tí èèyàn ń mí bó ṣe máa ń mí àti èyí tó mí kanlẹ̀, ẹ ò nílò dókítà tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún yín.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ tó ń ṣàlàyé ní, "Màmá, ẹ máa dá èémí dúró." Ojú ẹ̀gbọ́n mi yí padà. Nínú èdè wa, ẹni tí èémí rẹ̀ dúró ti kú nìyẹn. Àgbà kan nínú wọn ló tún ọ̀rọ̀ náà sọ: "Ẹ mí kanlẹ̀, Màmá, kí ẹ fi pa mọ́ fún wa díẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó bá ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá yàn níbẹ̀ yẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ọjọ́ ìtànṣán. Wọ́n á gbé aláìsàn sórí bẹ́ẹ̀dì, apá rẹ̀ á wà lókè orí, wọ́n á sì ya àwòrán inú àyà rẹ̀ nígbà tó mí kanlẹ̀. Wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ ṣe àmì dúdú kéékèèké bíi mélòó kan sí i lára, tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, kí wọ́n lè máa tẹ́ ẹ sí ojú kan náà lójoojúmọ́. Ìyá kan tá a jọ jókòó níta rò pé gbẹ́rẹ́ ni wọ́n fẹ́ sín òun. Kì í ṣe gbẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, dókítà á fi ọwọ́ yàwòrán ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti ọyàn sórí kọ̀ǹpútà, onímọ̀ físíìsì á sì ṣírò iye Gray tó máa dé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kó tó di pé wọ́n tan ohunkóhun. Èyí ni àwọn tó gba ìtànṣán ní ọdún 1970 kò ní.

Ní ọjọ́ ìtànṣán gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ á jáde nínú yàrá, àmọ́ wọ́n ń fi kámẹ́rà wò yín, ohùn wọn sì ń dé ọ̀dọ̀ yín. Wọ́n á ní kí ẹ mí sínú, kí ẹ mí síta, kí ẹ wá mí kanlẹ̀, kí ẹ dì í mú. Bí ogún ìṣẹ́jú àáyá ni. Wọ́n á ní kí ẹ mí. Ẹ ó sinmi, ẹ ó tún ṣe é. Bí ikọ́ bá gbé yín, tàbí tí ẹ ò lè dì í mú mọ́, ẹ mí jáde: wọ́n á pa ìtànṣán náà, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bá yín wí. Ẹni tó bá fẹ́ lè máa fi dánra wò nílé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá a ka iye rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, "ení, èjì, ẹ̀ta", ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ogún, ọmọ náà pàtẹ́wọ́.

Àwọn ilé ìtọ́jú kan ní ẹ̀rọ tí èèyàn ń fi ẹnu mí sí, tó ń ti ọ̀nà èémí pa fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ọsibítù Royal Marsden ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí aláìsàn kàn fi ara rẹ̀ di èémí mú, nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní HeartSpare, tó jáde ní 2013. Ìgbèjà ọkàn kò yàtọ̀. Èyí tí aláìsàn ń dá ṣe ló rọrùn fún wọn jù, òun náà ló sì dín owó kù. Mo fẹ́ràn àbájáde yẹn gan-an, torí ohun tó ń sọ fún wa ni pé ilé ìtọ́jú tí kò lówó ẹ̀rọ olówó gọbọi lè ṣe é, bí wọ́n bá ti ní ẹ̀rọ ìtànṣán tó dára àti òṣìṣẹ́ tó ní sùúrù. Nílẹ̀ wa, ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH tí wọ́n ṣí ní Ìdí-Àràbà, Èkó, ní 2019, wà lára àwọn ibi tí ẹ̀rọ ìgbàlódé ti wà.

Àwọn ọ̀nà míì wà. Ẹ̀rọ ìgbàlódé ní àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké lẹ́nu, tí wọ́n ń sún síwá sẹ́yìn láti fi bo ibi tí wọn ò fẹ́ kí ìtànṣán kàn. Àwọn kan máa ń dojú aláìsàn dé kí ọyàn lè rọ̀ kúrò lára àyà, pàápàá fún ẹni tí ọyàn rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn HeartSpare fi méjèèjì wéra fún irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀, mímí kanlẹ̀ ló gbè ọkàn jù. Ìtànṣán pírótọ́ọ̀nù tí ẹ ń gbọ́ nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lè dúró síbi tí wọ́n bá ní kó dúró, kò ní kọjá sẹ́yìn, àmọ́ owó rẹ̀ ga gidi, mi ò sì gbà pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni ta ilé nítorí rẹ̀ nígbà tí èémí wà.

Iye ọjọ́ náà ti dínkù, èyí sì máa ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn wa. Tẹ́lẹ̀, Gray 50 ni fún ọjọ́ 25. Ìwádìí START nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé Gray 40 fún ọjọ́ 15 kò rẹlẹ̀ sí i. Ní 2020, ìwádìí FAST-Forward tún fi hàn pé Gray 26 fún ọjọ́ márùn-ún péré lè tó. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ 15 ni tiyín, nígbà tí ọ̀rẹ́ yín gba 25, wọn ò rẹ́ yín jẹ. Àpapọ̀ ìtànṣán ló dínkù, owó ọkọ̀ náà sì dínkù pẹ̀lú.

Ibi tí ọwọ́ ti le díẹ̀ ni ti ẹni tí àrùn ti wọ kókó abẹ́ apá (kókó tó jẹ́ ara ìdáàbòbò ara wa ni mo ní lọ́kàn, kì í ṣe kókó jẹjẹrẹ), torí nígbà míì wọ́n á fẹ́ kí ìtànṣán dé àwọn kókó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun àyà. Àwọn yẹn sún mọ́ ọkàn pẹ́kípẹ́kí, ohun tó máa dé ọkàn á sì pọ̀ sí i. Àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó wá sí ọsibítù ni èyí máa ń kàn jù, àwọn gan-an ló sì yẹ kó bèèrè nípa mímí kanlẹ̀.

Ìtànṣán nìkan kọ́ ló ń kan ọkàn lójú ọ̀nà yìí. Oògùn pupa tí wọ́n ń fà sí iṣan, doxorubicin, lè sọ iṣan ọkàn di aláìlágbára. Trastuzumab, oògùn jẹjẹrẹ ọyàn mìíràn, náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ sábà máa ń padà bọ̀ sípò bí wọ́n bá dá a dúró. Ìdí tí wọ́n fi ń ya àwòrán ọkàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn wọ̀nyí, àti láàárín rẹ̀, nìyẹn. Ẹ má fo àwòrán yẹn nítorí owó. Ẹni tó bá ń mu sìgá, ewu tirẹ̀ lọ́dọ̀ ìtànṣán ju ti ẹni tí kò mu lọ ní ìlọ́po, fún ọkàn àti fún ẹ̀dọ̀fóró. Jíjáwọ́ nínú rẹ̀ wà lára ìtọ́jú.

Ṣùgbọ́n níbi tiwa, ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo fẹ́ pariwo jù. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ní i tí wọn ò mọ̀. Àwọn mìíràn mọ̀, wọ́n sì dá oògùn rẹ̀ dúró nítorí pé "jẹjẹrẹ ló kù tí mò ń bá jà". Nínú iṣẹ́ Darby yẹn, ẹni tí ohun kan ti ń dààmú ọkàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ewu ikú àrùn ọkàn tirẹ̀ ti wà ní 34 nínú 1,000 kí ìtànṣán tó dé. Gray 3 gbé e dé 41. Ẹ wo iye tó bá ìtànṣán wá, kí ẹ wá wo iye tó ti wà nílẹ̀. Èyí tó wà nílẹ̀ ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ lè bá yín dínkù.

Bí ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ bi í tààrà: "Iye Gray mélòó ló máa dé ọkàn mi? Ṣé mo lè mí kanlẹ̀ níbí?" Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìwà àfojúdi, iye náà wà lórí kọ̀ǹpútà wọn. Bí wọ́n bá ní àwọn kì í ṣe ti èémí, ẹ bèèrè ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bo ọkàn, ẹ má kàn sá lọ. Bí ìtọ́jú bá sì parí, ẹ gba ìwé tó sọ ohun tí ẹ gbà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí èémí ń ké nígbà tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, dókítà tuntun tó máa rí yín kò ní mọ̀ pé ìtànṣán gba ibẹ̀ kọjá àfi bí ẹ bá sọ fún un.

Ọjọ́ 15 ni ẹ̀gbọ́n mi fi gba tirẹ̀. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó ní kí wọ́n kọ iye tó dé ọkàn òun síwèé fún òun: Gray 1.6. Ó ṣẹ́ ìwé náà po, ó sì fi í sínú Bíbélì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì tí nọ́ọ̀sì fi ń kọ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lóṣooṣù.